Ìlà kejì tó yọ, tó sì tún lọ

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni ọdún 33 ni mí, àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Ọdún keje tí mo ti wọlé ọkọ rèé, a ò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀ ọkọ mi kò pọ̀ tó, mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ò mọ̀, èmi ni wọ́n ń wò lójú. A tu owó jọ, a yá díẹ̀ kún un, a lọ ṣe IVF ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé ní lábọ̀. Wọ́n gbé ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún méjì sínú mi, wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ra àyẹ̀wò oyún pélébé tí à ń tọ̀ sí yẹn ní kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ kẹta, ìlà kejì yọ fírífírí, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo tún ṣe òmíràn, kò sí ìlà kejì mọ́. Ọmú tó ń ro mí náà ti rọ̀. Ṣé ó ti bọ́ ni? Ṣé kí n ṣì máa náwó lórí oògùn tí mò ń tì bọ ojú ara yìí? Ìyá ọkọ mi sì ti gbé àgbo àti omi Ọ̀ṣun wá, wọ́n ní kí n mu ún kí ilé ọmọ lè dì í mú. Láti ọjọ́ tí a ti dé, mi ò gbé nǹkan, mi ò sì jáde.

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, oògùn yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ. Má dá a dúró. Bí o bá ti fo ti àná nítorí ẹkún, fi ti alẹ́ òní sí i ní àkókò rẹ̀, má sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o sì pe nọ́ọ̀sì yín ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọ̀la kí o sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó kù gùn díẹ̀, o lè fara balẹ̀ kà á, ṣùgbọ́n ti oògùn kò ṣeé fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn.

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tó ń wá ọmọ. Bí n bá ní kí n ka iye obìnrin tó ti na pélébé sí mi pẹ̀lú omijé lójú, ilẹ̀ á ṣú. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn ni n óò sọ fún ọ: láàárín ọjọ́ méjìlá yìí, gbogbo ohun tí ara rẹ ń sọ, oògùn ló ń sọ ọ́. Ọlẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀.

Ìlà tó yọ lọ́jọ́ kẹta yẹn, ti abẹ́rẹ́ ni. Ṣé o rántí abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ní kí o gbà lóru, tí wọ́n dá aago fún ọ, tí wọ́n kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ yẹ̀? Òun ló ń mú kí ẹyin gbó parí, nǹkan bíi wákàtí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó ẹyin jáde. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní hCG ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, hCG yìí kan náà ni pélébé ń wá nínú ìtọ̀ rẹ. Pélébé kò mọ̀ bóyá ara ọlẹ̀ ló ti wá tàbí inú ìgò abẹ́rẹ́. Ó lè gba ọjọ́ 10 sí 14 kó tó tán nínú ara. Wá bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kan ààbọ̀ láti ìgbà abẹ́rẹ́ dé ìgbà tí wọ́n kó ẹyin, ọjọ́ márùn-ún tí ọlẹ̀ fi dàgbà lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ààbọ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ, ìlà yọ. Nígbà tó fi di àná, ó ti di ọjọ́ méjìlá ààbọ̀. Abẹ́rẹ́ tán, ìlà lọ. Oògùn ló jáde lára rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Bí o bá fẹ́ rí i dájú, wo orúkọ abẹ́rẹ́ náà nínú ìwé tí wọ́n fún ọ, tàbí kí o bi nọ́ọ̀sì yín bóyá hCG ni.

Kí wá ni ọlẹ̀ ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbé e síbẹ̀. Èèpo kan wà tó bò ó, ó ní láti kọ́kọ́ já a, bí ẹni pa ẹyin. Lẹ́yìn náà ni yóò fara kan ara ilé ọmọ, tí yóò wá máa wọ inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tó bá ti fìdí múlẹ̀ ló tó máa tú hCG tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, bín-ín-tín sì ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ pélébé kẹ́míìsì kò lè rí i títí tí yóò fi tó 25. Lọ́jọ́ kẹfà, oyún tó dúró dáadáa lè má tíì dé ibẹ̀. Ìwọ tí o ń ṣe àdìrẹ mọ èyí jù mí lọ: aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ fẹ́ sí i kó tó dúdú. Aláró wo ló ń wo aṣọ tó ṣì ń kán tótó, kó ní aró kò mú?

Ọmú tó rọ̀ kò sọ nǹkan kan. Projẹ́stẹ́rọ́ònù ni oògùn tí o ń tì bọ ojú ara yẹn, òun náà ló ń mú kí ọmú ro, kí inú wú, kí ìgbẹ́ le, kí oorun máa kun èèyàn lọ́sàn-án gangan. Àpẹẹrẹ oyún ni gbogbo rẹ̀ jọ, obìnrin tí oyún kò dúró sí lára rárá yóò sì rí i bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ń mú ọmú ro. Bó ti ń tán lára rẹ, ìrora rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà má fi ọwọ́ tẹ ọmú wò láràárọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé o ń ṣe é, gbogbo yín lẹ ń ṣe é.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe gan-an tóbi ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n kó ẹyin rẹ jáde, tí wọ́n sì ti fi abẹ́rẹ́ darí ara rẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara rẹ kì í sábà lè pèsè projẹ́stẹ́rọ́ònù tó tó fúnra rẹ̀. Họ́mọ̀nù yẹn ló ń jẹ́ kí ibùsùn ilé ọmọ nípọn, kó má ya bọ́. Bí o bá dá a dúró, ibùsùn náà lè ya, nǹkan oṣù á sì dé, bóyá ọlẹ̀ ti sùn sórí rẹ̀ tàbí kò tíì sùn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn tí mo tọ́jú tí n kò gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú páǹtí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó sunkún mọ́jú, ó kó gbogbo oògùn tó kù dà sí ààtàn, ó ní òun kò tún ní fi owó òun ṣòfò mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá fún un. Èsì jáde, oyún wà. A dá a padà sórí oògùn lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n oyún náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tó fi wálẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn tó dà nù ló fà á. Ọ̀pọ̀ oyún ń bọ́ nígbà tó ṣì kéré láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ojú rẹ̀ ṣì ń bi mí. N kò fẹ́ kí ìwọ náà ní irú ìbéèrè yẹn láti gbé kiri. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ láàárín ìsinsìnyí sí ọjọ́ kejìlá, yálà ó pọ́n ni tàbí ó dà bí omi kọfí, lo oògùn rẹ, pe ilé ìwòsàn, kí o sì lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ lọ́jọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ọ̀pọ̀ aláboyún tí ọmọ wọn ń sáré kiri ilé báyìí. Bí nǹkan oṣù kò bá sì yọ rárá, má fi ìyẹn náà ṣe ẹ̀rí, nítorí oògùn lè dì í mú.

O ní o kò gbé nǹkan, o kò sì jáde. Dìde, ọmọ mi. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn ń ní kí obìnrin dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ wọlé. Wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ léraléra, wọ́n rí i pé kò ran oyún lọ́wọ́, àwọn ìwádìí kan tilẹ̀ rí i pé àwọn tó dìde rìn ṣe dáadáa ju àwọn tó dùbúlẹ̀ lọ. Ilé ọmọ kì í ṣe àpò tó lanu sílẹ̀. Ògiri rẹ̀ fara ti ara wọn, ọlẹ̀ sì wà láàárín bí hóró iyanrìn kan tó há sáàárín òkèlè iyán méjì. O lè bẹ̀rẹ̀, o lè wúkọ́, o lè sín, o lè yàgbẹ́, kò ní bọ́. Gbágungbàgun ọ̀nà Ìbàdàn tí ẹ gbà bọ̀ kò gbọ̀n ọ́n dànù. Rìn dé Ìgbọ̀nà bí o bá fẹ́ ra ẹ̀fọ́. Ní ti ọ̀kadà, mo ní kí o fi sílẹ̀ ná, wọ kòròpé, ìjàǹbá ọkọ̀ ni mò ń sá fún.

Ibi iṣẹ́ rẹ ni mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lé lórí, nítorí kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló rí bákan náà. Títa aṣọ, yíya àwòrán sí i, kíká a, máa ṣe é lọ, yóò tilẹ̀ mú ọkàn rẹ kúrò nínú kíka ọjọ́. Ṣùgbọ́n pípo kọ́sítíìkì àti hydros, àwọn kẹ́míkà aró yẹn, pọ̀ nínú omi gbígbóná, tí èéfín rẹ̀ ń gún èèyàn nímú, gbé ìyẹn fún ọmọọṣẹ́ rẹ láti ìsinsìnyí lọ. Bákan náà ni yíyọ́ àbẹ́là nínú ilé tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí. Bí oyún bá dúró, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ yìí ni gbogbo ẹ̀yà ara ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Garawa aṣọ tútù tó wúwo, jẹ́ kí wọ́n bá ọ gbé e. Ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹyin nínú rẹ̀ ṣì ń ro, ilé ẹyin sì ṣì wú. Fólíìkì ásíìdì rẹ ńkọ́? Má gbàgbé rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, parasítámọ́ọ̀lù ló yẹ, má ra Ibuprofen. Bí ibà bá sì dé, má jẹ́ kí kẹ́míìsì po oògùn fún ọ lọ́wọ́ kan. Ṣe àyẹ̀wò ibà, kí o sì sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí o wà nínú oyún.

Ó wá kan àgbo ìyá. Ọmọ Òṣogbo lèmi náà, n kò ní bú omi Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun tó ń fi omi tútù wo ọmọ ni wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré. Igbó rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti 2005, àwọn tó sì ń wá ọmọ kò wọ́n nínú èrò tó ń ya lọ síbẹ̀ nígbà ọdún rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Àdúrà ìyá ọkọ rẹ létí odò yẹn, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n omi náà kì í ṣe omi ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò ti sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú bí omi amọ̀, ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń súnmọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Òjé àti mẹ́kúrì jẹ́ ohun tí à ń bẹ̀rù nínú omi ìwakùsà, kò sì sí èyí tó yẹ kó wọ ara ẹni tó lè wà nínú oyún. Má mu ún. Àgbo náà, má mu ún. N kò mọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, òmíràn ń fún ilé ọmọ pọ̀, òmíràn ń bá ẹ̀dọ̀ jà, oògùn tó lágbára sì ti wà lára rẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnu ìyàwó kọ́ ni “mi ò mu” ti ń jáde sí ìyá ọkọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe iṣẹ́ rẹ. Ọkọ rẹ ni kó sọ ọ́. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi díẹ̀, kí o sì fi ìwé yìí hàn án bí ó bá wù ọ́. Ní ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2021, mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan ni ààlà ìsàlẹ̀ fún àtọ̀. Mẹ́rin ni tirẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú, nítorí nínú gbogbo ìdílé tó ń wá ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ọ̀rọ̀ ti ọkùnrin wà nínú wọn. Àmọ́ ìwọ ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ìwọ ni wọ́n kó ẹyin lára rẹ̀. Ìṣòro tó wà lára rẹ̀ ni ara rẹ ń ru. Kí ó máa wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń wò ọ́ ní ìwò àgàn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kò dára. Bí kò bá lè sọ iye mílíọ̀nù, kó ṣáà sọ pé: “Ìyá mi, èmi ni dókítà rí ìṣòro lára mi, ìyàwó mi ló ń bá mi gbé e. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun tí wọn kò kọ fún un. Ẹ máa bá wa gbàdúrà.” Mo ti rí ìyá ọkọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ gbé wá fún ìyàwó láràárọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí o kò gbọdọ̀ fi oògùn tàbí àdúrà dá dúró. Bí inú rẹ bá ń wú lójoojúmọ́ débi pé ìró kò ró ọ mọ́, tí ìtọ̀ ń dín, tí o ń bì, tí èémí ń há ọ, ilé ẹyin rẹ ló ti wú ju bó ṣe yẹ lọ nítorí abẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ máa ń le sí i bí oyún bá dúró. Má dúró de mọ́tò Ìbàdàn. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN tí gbogbo wa ṣì ń pè ní LAUTECH wà ní Òṣogbo níbí, lọ síbẹ̀, lóru ni o, lójúmọ́ ni o. Bí ọjọ́ bá sì ti lọ, tí ìrora mú ọ nísàlẹ̀ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí èjìká ń ro ọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n gbé ọ lọ. Oyún IVF lè lọ dúró sí ọ̀nà ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ọmọ ni wọ́n gbé ọlẹ̀ sí. Oyún tí Edwards àti Steptoe, àwọn tó pilẹ̀ IVF, kọ́kọ́ ròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976 ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ọdún méjì kí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tó wáyé ní July 25, 1978.

Lọ́jọ́ kejìlá, nọ́ńbà hCG inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí o béèrè, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé “ó wà” tàbí “kò sí” kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí ó bá dín sí 5, kò sí oyún. Bí ó bá ju 25 lọ, oyún wà. Èyí tó bá bọ́ sí àárín, wọn yóò ní kí o padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bí ó bá wà náà, wọn yóò tún un ṣe, ó sì yẹ kí nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lábọ̀ kan náà ni kí o ti ṣe méjèèjì, nítorí ẹ̀rọ wọn kì í kà bákan náà. Oògùn á máa lọ, síkáànì á sì wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí wọ́n lè rí ọkàn ọmọ tó ń lù.

Ó lè jẹ́ pé kò sí. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Ìlú Ọba ti ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo IVF wọn láti 1991, níbẹ̀, fún obìnrin tí kò tíì pé 35, nínú ọlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá gbé wọlé, nǹkan bí ọ̀kan ló ń di ọmọ tí a gbé jó. Ọ̀pọ̀ èyí tí kò dúró, inú ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àléébù ti wà láti ìgbà tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé. Kì í ṣe nítorí pé o rẹ́rìn-ín, tàbí o bínú, tàbí o gbé garawa. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ni yóò sọ ọjọ́ tí o máa dá oògùn dúró, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o máa bi wọ́n sì ni pé ṣé ọlẹ̀ yín kankan ṣì wà nínú fíríìsà. Bí ó bá wà, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ní tó ti àkọ́kọ́.

Pélébé tó kù nínú páálí, gbé e fún ọkọ rẹ kó bá ọ tọ́jú rẹ̀. Lọ sí lábọ̀ lọ́jọ́ kejìlá pẹ̀lú rẹ̀, má dá nìkan lọ. Bí èsì bá jáde, kọ nọ́ńbà náà sí mi, ohun yòówù kó jẹ́. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri mi.